Òkè Yanrìn Tí A Ò Fẹ́ Kí Wọ́n Gbẹ́

Ìsọ̀ mẹkáníìkì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà lábẹ́ afárá rélùwéè ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí rélùwéè bá ń kọjá lórí wa, eruku á máa já bọ́, èmi á sì tẹ orí ba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ariwo náà. Ọ̀gá mi kì í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Wọ́n mọ ohun tí ojú mi ti rí.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́ nílé lọ́hùn-ún, iṣẹ́ mi ni kí n máa kó yanrìn sínú típà. Ẹsẹ̀ òkè la máa ń gbẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ló rọrùn fún ṣọ́bìrì. Lọ́jọ́ kan òkè náà wó lù wá. Wọ́n fà mí jáde láàyè. Àwọn méjì tí a jọ jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà kò jáde láàyè. N ò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, ilẹ̀ tó bá ga jù mí lọ, n kì í dúró sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìjẹ̀bú ni ọ̀gá mi, ṣùgbọ́n láti kékeré ni wọ́n ti dé Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdékùnrin ni wọ́n ti wọ ẹgbẹ́ kan tó máa ń fi alùpùpù gun òkè yanrìn kan lẹ́yìn òde Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí ẹni tó kọ́ òkè náà fún eré. Bí Ọlọ́run ṣe dá a ló wà: ó ga fíofío, koríko àti gbòǹgbò igi dì í mú, ojú kan ṣoṣo ló ṣófo, níbi tí táyà ti ń gùn ún láti ìgbà àwọn bàbá àgbà àwọn òyìnbó ibẹ̀. Ẹni tó bá dé orí rẹ̀ láìṣubú, wọ́n á hó yèè. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣubú.

Ọ̀gá mú mi lọ síbẹ̀ láti máa bá wọn tún máṣìn ṣe. Orí òkè ni mo máa ń dúró sí. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé òkè yanrìn tí kì í wó wà láyé. Mo máa ń jókòó síbẹ̀, mo máa ń fọwọ́ kan yanrìn náà, ọkàn mi á sì rọlẹ̀ díẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀ mí lára nígbà tí a gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ awayanrìn tó ní kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ti lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ kánsù láti wà á dé ẹsẹ̀ òkè. Wọ́n ní àwọn ò ní fọwọ́ kan òkè fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan.

Ọ̀gá gbé sípánà sílẹ̀, wọ́n wò mí.

"Àbúrò, ìwọ lo máa bá kánsù sọ̀rọ̀ nípàdé wọn."

"Èmi kẹ̀? Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Kí ni mo mọ̀?"

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ ni kó o sọ. Àwọn ẹgbẹ́ wa, eré ni wọ́n máa sọ: ife ẹ̀yẹ, bàbá wọn, bàbá bàbá wọn. Kánsù ti gbọ́ ìyẹn títí, ó ti sú wọn. Kò sí ẹni tí òkè wó lù rí nínú wa àfi ìwọ."

"Ohun tí mò ń sá fún gan-an nìyẹn."

"Mo mọ̀. Má tíì dá mi lóhùn. Lọ bá ìyàwó ẹ sọ ọ́."

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Nunhead ni ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀ sórí àga, ó dijú, ó ń gbọ́ mi.

"Dádì, ẹ̀yin tí aládùúgbò gbé bíìnì ìdọ̀tí ẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà yín, tí ẹ ń fẹ̀gbẹ́ kọjá? Ẹ̀yin lẹ fẹ́ bá ilé-iṣẹ́ jà?"

"N ò tíì ní mo máa lọ."

"Ẹ máa lọ. Bí ẹ ò bá lọ, ẹ ò ní sùn, ẹ ò sì ní jẹ́ kí èmi náà sùn. Ẹ ṣáà wọ kóòtù tó mọ́."

Ní mọ́ṣáláṣí, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń wa bọ́ọ̀sì fi mí rẹ́rìn-ín. "Àlàájì olókè! Òyìnbó ló ni òkè, òyìnbó ló ni kòtò, òyìnbó ló ni yanrìn. Kí ló gbé ẹ débẹ̀?" Èmi náà rẹ́rìn-ín. N ò sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù fún un: ẹni tó bá lanu jù ní ìlú tí kì í ṣe tiẹ̀, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdí rẹ̀ wò. Ìwé ìgbélùú mi pé. Mo mọ̀ pé ó pé. Nígbà tí mo délé, mo ṣì lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjọ́ ìpàdé kò. Ní gbọ̀ngàn kánsù, wọ́n ṣàlàyé pé ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Bí aago bá ti dún, kó jókòó. Ọkùnrin tó ṣojú ilé-iṣẹ́ náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kò séwu. Ó parí kí aago tó dún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí.

Ìyá àgbà kan ló wà lórí àga alága, irun wọn funfun báláú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dé iwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́? Mo tẹrí ba. Mo kí alága. Mo kí àwọn ìgbìmọ̀, mo wá Gẹ̀ẹ́sì tó sún mọ́ "ẹ kú ìjókòó, ẹ kú iṣẹ́ ìlú." Mo kí àwọn ẹgbẹ́ wa. Mo kí ọkùnrin ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú, mo ní a ò bá a jà, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ló ń ṣe, kí Ọlọ́run bù sí i. Mo dúpẹ́ pé wọ́n gba àlejò bíi tèmi láyè. Mo tọrọ gáfárà nítorí Gẹ̀ẹ́sì mi. Ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní, "Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́," ni aago dún.

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ọ̀rọ̀ rere mi. Mo jókòó. Ọkùnrin ilé-iṣẹ́ náà mi orí sí mi bí ẹni tí mo gbè lẹ́yìn.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, Ọ̀gá wa ọkọ̀ dé Old Kent Road. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bú sẹ́rìn-ín, àfìgbà tí wọ́n páàkì ọkọ̀.

"O kí i! O kí ẹni tó fẹ́ wa òkè mi! O tún ṣàdúrà fún un!"

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn."

"Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Díẹ̀ ló kù kí n ṣe àmín."

Ìgbìmọ̀ ò tíì dá ẹjọ́ náà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí ibẹ̀. Ẹgbẹ́ wa lè rán ènìyàn méjì wá, ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ àfi bí wọ́n bá bi wá. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn.

Òjò ti rọ̀, ó ti dá, nígbà tí wọ́n mú wa wọ ibi kòtò náà. Katapílà ti gé yanrìn dúró bí ògiri ilé alájà kan, kò sì jìnnà sí ẹsẹ̀ òkè wa. Ọkùnrin ilé-iṣẹ́ náà kó ìgbìmọ̀ lọ sí ìdí ògiri yẹn, ó ń fọwọ́ gbá a, ó ń fi hàn wọ́n bó ṣe le tó. Èmi àti Ọ̀gá dúró sẹ́yìn díẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti sún mọ́ ibẹ̀.

Ni mo bá gbọ́ ọ. Ìró kékeré ni, bí ìgbà tí wọ́n ń da gaàrí sínú abọ́. Yanrìn díẹ̀ ń ṣàn wálẹ̀ lẹ́yìn alága. Irú ìró yẹn ni mo gbọ́ kẹ́yìn lọ́jọ́ tí òkè wó lù wá. N ò mọ ìgbà tí mo lanu.

"Ẹ kúrò níbẹ̀! Ẹ sáré! Ẹ kúrò níbẹ̀!"

Yorùbá ni mo fi pariwo. Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè náà níbẹ̀ àfi Ọ̀gá, síbẹ̀ gbogbo wọn sáré. Ọkùnrin ilé-iṣẹ́ náà ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Akoto orí rẹ̀ já bọ́ lọ́nà, kò sì padà lọ mú un.

A dúró, à ń wò. Ògiri náà ò wó. Yanrìn tó ṣàn ò ju ẹ̀kúnwọ́ méjì lọ. Ojú tì mí, mo ń wá ibi tí mo máa wọ̀ sí. Alága rìn wá bá mi, wọ́n bi mí pé kí ni mo rí. Mo bá sọ ọ́: bí a ṣe ń gbẹ́ ẹsẹ̀ òkè, bí òkè ṣe wó, àwọn méjì yẹn. Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n wá yíjú sí ọkùnrin náà, wọ́n ní kó jọ̀wọ́ padà síbi tó dúró sí tẹ́lẹ̀, kó máa bá àlàyé rẹ̀ lọ.

Ó ní ibi tí a wà yìí náà dára.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ dá ẹjọ́ náà, wọn ò lé ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kó kọjú sí apá kejì, kó fi ilẹ̀ gbòòrò sílẹ̀ láàárín kòtò àti òkè, kó sì ṣe ọgbà sí i. Ọgbà náà gba díẹ̀ nínú pápá tí àwọn alálùpùpù fi ń kó eré wọ òkè, ẹni tó ń dé orí rẹ̀ sì ti dín kù. Òkè ṣì wà. Ilé-iṣẹ́ ti ní àwọn á tún padà wá tọrọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ eré tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá wá dúró tì mí lókè, wọ́n ń mí gúlegúle.

"Bí wọ́n bá padà wá, a tún máa lọ."

"Ọ̀gá, ó ti rẹ̀ mí."

"Ó rẹ èmi náà. A máa lọ bẹ́ẹ̀."

N ò bá wọn jiyàn. Yanrìn ti wọ ṣéènì máṣìn kan, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.