Ìgò Òróró Tó Kúrò Lórí Tábìlì Mi

Èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi rọ ọ́ sínú ìgò òróró.

Iyọ̀ kan ni, àmọ́ olómi ni. Tá a bá ki fóònù tó ti bàjẹ́ bọ inú rẹ̀, tá a sì fi wáyà bàtìrì sí i, wúrà ara fóònù náà á yòrò sínú rẹ̀. Ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí òróró, kò rùn. Ìgò ti tán ní láàbù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lánàá, ọjọ́ Jímọ̀, ni.

Oúnjẹ tá a bá fi sílẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, Màmá tó ń bá wa gbálẹ̀ ló ni ín. Mo gbàgbé.

Láàárọ̀ yìí, ìgò ò sí lórí tábìlì mi mọ́. Mo pè wọ́n.

"Màmá, ìgò òróró yẹn dà?"

"Mo ti gbé e lọ ulé, ọmọ mi. Ó ti wà lórí iná, kò tiẹ̀ rú èéfín."

"Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kì í ṣe òróró."

Mo gbọ́ tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Mo ti bù fún ìyá alákàrà àdúgbò wa, ní Ifisin."

Mo wà lórí ọ̀kadà báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra àkàrà ní Ifisin láàárọ̀ yìí, ẹ má jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ́, ẹ lọ sílé ìwòsàn. Ẹ dá mi lóhùn lábẹ́ ohun tí mo kọ yìí, ẹ jọ̀ọ́.