Ọ̀wẹ̀ Tí A Bẹ̀ Sórí Ojú Òpó Mọ́rẹ́nikẹ́

Òórùn pákí kíkan tó ń ro omi nínú àpò ló gba ibi ìyangàrí wa lẹ́yìn Ìjàyè lọ́jọ́ náà. Mọ́rẹ́nikẹ́, àbíkẹ́yìn mi, ti ṣe ojú òpó kan sórí ayélujára, tí àwọn ará ìlú yóò máa gbà ra gàrí lọ́wọ́ wa láìsí alágbàtà láàárín. Ọkùnrin kan, aṣojú àwọn tó fẹ́ máa ra gàrí náà, wo ojú òpó náà, ó yínmú. Ó ní, “Iṣẹ́ ọmọ oko lèyí. Bí èrò bá ya wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á wó. Bó bá sì wó, ọ̀dọ̀ alágbàtà la ó padà sí.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé, “Padà wá lọ́jọ́ ọjà. Àwa fúnra wa la ó kọ́kọ́ ya bò ó.”

Bí a ṣe ń bẹ ọ̀wẹ̀ oko ni mo ṣe bẹ ọ̀wẹ̀ fóònù. Tọmọdé tàgbà ló jáde, àwọn ará Akínyẹlé náà wá. Mọ́rẹ́nikẹ́ ní kí gbogbo wa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kóun lè mọ iye èrò tó lè gbà. A tẹ̀ ẹ́, kò mì. A hó yèè! Ọmọ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

“Màámi, wọn ò tẹ̀ ẹ́ papọ̀ o. Bàbá Làmídì ni wọ́n ń dúró dè.”

Òótọ́ ni. Bàbá ló dàgbà jù nínú wa, ta ni yóò ṣáájú wọn tọwọ́ bọ nǹkan? Ìgbà tí wọ́n tẹ tiwọn tán làwọn yòókù tó ń tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ léra, bí ọjọ́ orí ṣe jura.

Bàbá Làmídì fò dìde. “Ẹni tó bá tún dúró dè mí, èébú ló bú mi!”

Ṣìfáwù, aya ọmọ wọn, fèsì: “Bàbá, a ó yà yín sílẹ̀ fùù bí ọ̀kadà ni o!”

“Ẹ yà mí! Ọ̀lẹ ló ń rọra!”

A tẹ̀ ẹ́. Ó wó lulẹ̀. Ojú fóònù gbogbo wa funfun báláú. Ìgbà yẹn gan-an ni Mọ́rẹ́nikẹ́ tó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ó ti fi ibi tó ń dùn ún hàn mí.” Ó tún un ṣe, a tún ya bò ó, ó tún wó. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí tó fi dúró. Lọ́jọ́ ọjà, aṣojú náà kó èrò tirẹ̀ wá láti ìlú. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí ó sú wọn. Kò wó.

Àìsàn mú Mọ́rẹ́nikẹ́ lọ lọ́dún tó kọjá. Látìgbà náà, bí àwọn èèyàn bá dé ọ̀dọ̀ mi, wọn a rọra sọ̀rọ̀, wọn a fo orúkọ rẹ̀ dá, torí pé arúgbó ni mí. Ṣùgbọ́n mo ti rí i lọ́jọ́ náà pé ọ̀wọ̀ lè mú kí ohun tí kò lágbára jọ ohun tó dúró. Èmi kò fẹ́ irú ìdúró bẹ́ẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé: ẹ pe orúkọ ọmọ mi, kí gbogbo yín pè é lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo bá wó, n ó dìde.