Àwo Epo Tó Gbà Mí Lọ́wọ́ Bàbá Kàdúná

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nílé ọkọ. Ọmọ-ọmọ mi ló fà á. Ẹ̀rọ amúlétutù ilé rẹ̀ kò tutù mọ́, àwọn ará ilé sì ti ń bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ohun tó fọwọ́ kàn. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí títí di òní?

Èmi náà ti jẹ́ irú ẹjọ́ yìí rí, láàárín ọdún 1950 sí 1960. Tíṣà ni mí nígbà náà. Ọmọ Ìlobù ni mí, Ìfọ́n ni mo sì lọ́kọ sí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ìlú méjèèjì ṣe ń bá ara wọn du ilẹ̀, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Láràárọ̀ ni mo ń gun kẹ̀kẹ́ láti Ìfọ́n lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Ìlobù, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju ẹran Iléyá lọ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ni wàhálà. Ìyàwó ilé kì í pe irú wọn lórúkọ, nítorí náà Bàbá Kàdúná ni mo sọ ọ́, torí Kàdúná ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Òun ló ra fíríìjì lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé. Kò sí iná ẹ̀lẹ́kítíríìkì ládùúgbò wa. Kẹrosíìnì ni fíríìjì náà ń lò. Ẹ ó tan òwú rẹ̀ nísàlẹ̀ bíi fìtílà, iná á máa jó, inú á sì máa tutù. Ìyá ọkọ mi kò gbà á gbọ́ rárá. Ó ní iná tó ń mú nǹkan tutù, irọ́ ló ń pa fún ẹnì kan.

Inú yàrá ni a kọ́kọ́ gbé e sí, omi rẹ̀ sì ń dunni léyín. Nígbà tí Iléyá ń bọ̀, Bàbá Kàdúná wálé, ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun ń bọ̀ wá bá òun ṣọdún. Ó ní kí a gbé fíríìjì wá sí pálọ̀, nítòsí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ẹni tó bá ń kọjá á ti rí i. Láti ọjọ́ náà, omi inú àmù tutù jù ú lọ.

Ta ni ẹ rò pé wọ́n mú? Bàbá Kàdúná ní ọwọ́ mi gbóná. Ó ní mo ń ṣí i jù. Nígbà tó rò ó títí, ó ní iṣẹ́ tíṣà ló fà á, pé irú iná bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ obìnrin tó máa jókòó tì í. Bí omi kò bá tutù títí ọjọ́ ọdún, kí n kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọkọ mi ńkọ́? Ó ń wo òkè àjà. Títí tó fi kú, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀, òkè àjà ló máa ń wò.

"Ẹ̀yin ará Ìlobù ń bá wa du ilẹ̀," ni Bàbá Kàdúná wí fún mi, "kò tó yín, ẹ tún rán ìwọ wá gba òtútù wa."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Èwo ló wà níbẹ̀ tí n ó gbà?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí wá ohun tó ń ṣe é. Mo fi bébà há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, mo fà á, kò yọ. Ilẹ̀kùn ń pa dé dáadáa. Mo fi aṣọ sẹ́ kẹrosíìnì, bóyá omi wà nínú rẹ̀. Mo gé orí òwú kí iná lè jó búlúù. Mo nu ihò èéfín. Pàbó ni. Bàbá Kàdúná ní bí iná bá ṣe pọ̀ tó ni òtútù á ṣe pọ̀ tó. Ó fa òwú sókè. Èéfín gba pálọ̀, ìborùn funfun ìyá rẹ̀ sì di dúdú.

"Kàdúná yìí náà ni wọ́n ti kọ́ ẹ báyìí?" ni ìyá bi í.

Ìyá kan náà ló ràn mí lọ́wọ́, láìmọ̀. Kí èèrà má bàa wọ epo pupa rẹ̀, ó bù ú sínú àwo pẹrẹsẹ kan, ó gbé e sínú fíríìjì. Òtútù díẹ̀ tó kù níbẹ̀ kò lè mú omi tutù, ṣùgbọ́n ó tó mú epo dì. Nígbà tó ku ọ̀la kí ọdún pé, mo gbé àwo náà jáde sórí tábìlì. Epo ti dì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Apá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí àwo. Ní apá kejì, ìsàlẹ̀ àwo ti hàn.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Ṣé epo á dá gun òkè ni? Fíríìjì ló fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilẹ̀ pálọ̀ wa dagẹ̀rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà, bí bíríkìlà ṣe máa ń ṣe é kí omi lè ṣàn jáde bí a bá ń fọ ilé. Mo wá rántí òyìnbó obìnrin tó kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà. Bí wọ́n bá ti sún fíríìjì tirẹ̀, á gbé abọ́ omi lé e lórí kó tó tan iná, kó lè rí i pé ó dúró déédéé. Ó ní oògùn tó ń mú un tutù nínú páìpù rẹ̀ ń ṣàn kiri fúnra rẹ̀ ni. Bí fíríìjì bá fì, kò ní rí ọ̀nà ṣàn.

Mo gbé abọ́ omi lé tiwa lórí. Omi sáré lọ sí apá ẹnu ọ̀nà. Mo bẹ ọkọ mi kó fi òkè àjà sílẹ̀ díẹ̀ kó bá mi gbé e sókè, mo sì ki pákó bọ abẹ́ ẹsẹ̀ fíríìjì títí omi fi dúró déédéé. A tan iná. Nígbà tí mo gbé ìgò omi jáde láàárọ̀ ọdún, ó ń làágùn.

Àwọn àlejò mu omi, wọ́n di eyín mú. Ẹ wá gbọ́ ohun tí Bàbá Kàdúná sọ fún wọn: pé òun ló rí ibi tó ti bàjẹ́, pé àwọn òyìnbó Kàdúná ló kọ́ òun!

Mo kúnlẹ̀ tìgò-tìgò. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn àlejò wa ohun tí ẹ rí tí ẹ fi mọ̀."

Ó wò mí. Ó wo fíríìjì. Ó ní òwú ni.

"Òwú kẹ̀?" ni ìyá rẹ̀ dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Èyí tó ba ìborùn mi jẹ́ yẹn? Ìyàwó wa ló tún un ṣe. Ìwọ lo ní ká gbé e wá síbi tó ti fì."

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín títí. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń dán mi wò ni. Kò bẹ̀ mí o. Ó ti lọ bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀ báyìí. Wọ́n ní kí n forí jì í, mo sì ń rò ó. Nígbà tí ilé ìwé wọlé, mo kí i dáadáa, mo gun kẹ̀kẹ́ mi, mo kọrí sí Ìlobù. Kò sọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi mọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò gùn. Bí nǹkan ilé bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ó dúró sí, àti ẹni tó ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀, kí ẹ tó wo ọwọ́ ìyàwó ilé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹjọ́ wo ni wọ́n ti dá fún yín rí lórí ohun tí ẹ ò ṣe? Ẹ sọ ọ́ fún wa. Bí ẹni tó dá a bá ṣì wà láyé, ẹ sọ ọ́ sókè díẹ̀.