Dúrọ́ọ̀ Tí Kúbúrátù Kì Í Ṣí

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ Benson, ní Ìkòròdú, ni Kúbúrátù ọmọ Ẹ̀pẹ́ ti ń tọ́jú yàrá egungun. Egungun ẹranko ni, kì í ṣe odindi. Olùkọ́ àtijọ́ kan ló rẹ́ wọn títí wọ́n fi fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ gíláàsì kéékèèké kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fi maikirosíkóòpù wò wọ́n. Ti àgbò wà níbẹ̀, ti ọ̀nì àti ti àdán náà wà. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀, Kúbúrátù a bẹ̀rẹ̀ wo àwọn ihò wínníwínní inú wọn, tó dà bí afárá oyin. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tó wù ú.

Dúrọ́ọ̀ kan péré ni kì í ṣí: ti ẹlẹ́dẹ̀. Oríyọmí, ará Ọ̀ṣun tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló ń bá a nù ún. Oríyọmí fẹ̀yìn tì, òjò dé, dúrọ́ọ̀ náà bu, ó sì ń ràn lọ sára ti àgbò.

Ọ̀gá wọn, Misis Àyàntúndé, gbóòórùn rẹ̀.

"Màmá Ikhlas," ó pe Kúbúrátù, "bí yàrá yìí ò bá mọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí, a ó kó gbogbo rẹ̀ dànù, ẹ ó sì lọ máa gbálẹ̀ ọ́fíìsì."

Lọ́jọ́ Sátidé, Kúbúrátù gba Ẹ̀pẹ́ lọ bá àbúrò rẹ̀, Alfa Uwais. Ó rò ó fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ sè é ni?"

"Alfa, má fi mí ṣẹ̀sín!"

"Ẹ ò jẹ ẹ́, ẹ ò tà á. Ẹ nù ún, kí ẹ fọwọ́, kí ẹ kírun yín. Àbí ìyá wa lẹ ń bẹ̀rù?"

Ẹ̀rín pa Kúbúrátù. Ìyá wọn kì í gba ọ̀nà tí ẹlẹ́dẹ̀ bá gbà.

Lọ́jọ́ Ajé, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó ṣí dúrọ́ọ̀ ẹlẹ́dẹ̀, ó ki aṣọ bọ spírítì. "Bisimilahi," ó ní. Ṣé wọ́n ń ṣe Bisimilahi sí ẹlẹ́dẹ̀ ni? Síbẹ̀, ó nu àwọn gíláàsì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ó fi ọ̀kan nínú èyí tó kù sábẹ́ maikirosíkóòpù, ó wò ó títí. Bí ti àgbò gẹ́lẹ́ ló rí. Inú bí i díẹ̀, àfi bí ẹni tí wọ́n tàn jẹ.

"Ta ló nu tẹlẹ́dẹ̀?" Misis Àyàntúndé bèèrè láti ẹnu ọ̀nà.

"Èmi ni, mà. Méjì ti lọ. Mi ò tètè nù wọ́n."

Misis wo ìjáàbù rẹ̀, ó wo dúrọ́ọ̀.

"Ẹ máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yàrá yín lọ."

Kúbúrátù jáde lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fọwọ́ dé ìgúnpá, ó tún un fọ̀, títí ọṣẹ fi tán. Irun Ayílà kù díẹ̀ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.