Ẹ̀yìn Rẹ Kò Tíì Kan Àga

"Dìde nílẹ̀ jàre!"

Áyọ́ọ̀nù dún ṣíìì lórí sùtánà funfun, èéfín gbígbóná bo Màmá Ìsàlẹ̀ lójú. "Ìyàwó mi, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Ṣé orúnkún ẹ ni wọ́n fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu ẹ̀ ni?"

Mọ́mì mi dìde lórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú wọn. Èmi ni mo jókòó lẹ́yìn tábìlì, awò ojú Màmá Ìsàlẹ̀ ń yọ̀ bọ̀ nímú mi. Èmi ni hẹdimásítà. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí o, ẹjọ́ tí mo sì ń dá, ẹjọ́ ara mi ni!

Ọmọbìnrin òyìnbó kan ní kíláàsì wa ló fà mí nírun. Mo tì í, ó tì mí, àwa méjèèjì ṣubú lu àga. Wọ́n ní kí òun jókòó sílé fún ọjọ́ kan. Èmi, wọ́n ní kí n má padà wá mọ́ láéláé. Mọ́mì sáré débẹ̀ láti ẹnu iṣẹ́ wọn nílé àwọn arúgbó ní Sydenham, wọ́n sì ṣe ohun tí ìyá Yorùbá máa ń ṣe. Wọ́n kúnlẹ̀. Wọn ò tíì bi mí léèrè ohunkóhun tí wọ́n fi ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa dárí jì í." Nílé wa, tí àgbà bá ti bẹ̀bẹ̀, ìjà parí nìyẹn. Hẹdimásítà kọ ọ́ sílẹ̀ ní tiẹ̀ ni. Lẹ́tà dé, wọ́n ní ìyá ọmọ fúnra ẹ̀ ti gbà pé ọmọ òun jẹ̀bi. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìgbìmọ̀ ilé-ìwé jókòó lé ọ̀rọ̀ mi.

Ìsàlẹ̀ fúláàtì wa ní Peckham níbí ni Màmá Ìsàlẹ̀ ń gbé. Hósípítù ńlá tó wà ní Camberwell ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ kílínà títí wọ́n fi fẹ̀yìntì. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń lọ sùtánà fún ìdajì ìjọ wọn, òórùn sítáàṣì àti dòdò sì máa ń gba gbogbo pálọ̀ wọn kan. Ìyá Mùsùlùmí o, ìyá aládùúrà o, ará Jàmáíkà o, ẹnikẹ́ni tí ilé-ìwé bá kọ̀wé sí, ọ̀dọ̀ wọn ló ń bọ̀. Wọ́n ń kó àwọn lẹ́tà yẹn jọ sínú báàgì kan, wọ́n á gbé e lọ sí kánsù, wọn ò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí ọ̀gá bá sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn.

"Ẹ̀ṣẹ̀ kan, ìyà kan," ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn. "Mi ò ní kẹ́ ẹ má bá ọmọ dúdú wí. Bẹ́ ẹ ṣe bá tòyìnbó wí ni kẹ́ ẹ bá tiwa náà wí. Ṣé ìyẹn le ni?"

Wọ́n ka lẹ́tà tèmi lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n fi kọ́ mi létí. "Ìwọ òyìnbó Peckham tó ò ń fimú sọ̀rọ̀, wá ṣe hẹdimásítà fún wa."

Ni mo bá fimú sọ ọ́. "Máàmù, ọmọ yín ti ya pòkíì jù."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà..."

Ṣíìì! "Ta lò ń pè ní sà? Ọmọ tó o bí? Ẹ̀yìn rẹ kò tíì kan àga. Jókòó dáadáa, béèrè ọ̀rọ̀ ẹ, kó o panu dé. Jẹ́ kí àwọn náà làágùn díẹ̀."

Lọ́jọ́ kẹrin, Mọ́mì fẹ̀yìn ti àga, wọ́n wò mí. "Ìyà wo lẹ fi jẹ ọmọ kejì? Kí ló dé tí tọmọ tèmi fi yàtọ̀?" Mo bú sẹ́kún.

"Ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn," Màmá Ìsàlẹ̀ ní. "Hẹdimásítà ti ń sunkún."

Ọjọ́ ìpàdé pé. Èèyàn mẹ́ta jókòó sí ọ̀kánkán wa, hẹdimásítà gan-an wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí wọ́n ṣe pe orúkọ mi, mo rí Mọ́mì tí wọ́n ń yọ̀ kúrò lórí àga díẹ̀díẹ̀, orúnkún wọn ń wálẹ̀ bọ̀. Màmá Ìsàlẹ̀ ò wo ẹ̀gbẹ́ wọn. Wọ́n kàn fi eyín ṣe é jẹ́jẹ́: ṣíìì.

Ẹ̀yìn Mọ́mì lu àga gbì!

Mọ́mì béèrè ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n panu dé. Obìnrin tó wà láàárín ṣí ìwé, ó ṣí i padà, ó kọjú sí hẹdimásítà. "Òótọ́ ni. Kí ló dé?" Ojú ọkùnrin yẹn pọ́n bíi tòmátì. Wọ́n ní ká bọ́ síta, wọ́n tún pè wá wọlé, wọ́n ní kí n padà sí kíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mọ́ńdè!

Ẹnu ọ̀nà Màmá Ìsàlẹ̀ ni Mọ́mì ti wá kúnlẹ̀, pẹ̀lú orúnkún méjèèjì, èmi náà kúnlẹ̀ tì wọ́n. Mo rò pé wọ́n máa pariwo lé wa lórí ni. Wọ́n gbé ọwọ́ lé wa lórí, ọwọ́ wọn ṣì ń rùn fún sítáàṣì. "Ẹ̀n-hẹ́n," wọ́n ní. "Ibí gan-an ni wọ́n ti ń kúnlẹ̀."

Mo ti jáde ilé-ìwé báyìí. Màmá Ìsàlẹ̀ ti padà sílé ní Iléṣà. Mo ṣì ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ṣùgbọ́n tí mo bá dé iwájú ẹni tó di ẹ̀tọ́ mi mú, ẹ̀yìn mi fúnra ẹ̀ ló ń wá àga lọ. Ní Túsìdeè tó kọjá, ìyá kan ní ẹ̀sítéètì wa ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sí ilé-ìwé ọmọ òun ní New Cross. Wọn ò ní lé ọmọ náà mọ́! Mi ò lè dúró kí n délé, bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù ni mo ti pe Iléṣà. Mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, mo ń fò sókè lójú àwọn èèyàn.

Màmá Ìsàlẹ̀ jẹ́ kí n sọ gbogbo ẹ̀ tán.

"Ẹ̀yìn ìyá ọmọ yẹn ńkọ́?" wọ́n ní. "Ṣé ó kan àga?"

"Ó kàn án, mà."