Adìẹ Tí Ó Kọ́kọ́ Rìn

Ní àwọn ọdún tí ìjọba òyìnbó ń múra àtilọ, tí gbogbo ènìyàn ń fi páànù rọ́pò koríko lórí ilé, káfíńtà ni mí. Mo wà lórí àkàbà, mò ń kan páànù ilé kan nítòsí Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí okùn tó so ibi tí mo tẹ̀ já. Ọparun ni wọ́n fi ṣe àkàbà náà. Òjò ti jẹ okùn rẹ̀. Eegun itan mi ọ̀tún kán. Àwọn ará ilé mi fi lọ́rì gbé mi padà sí Ọ̀yọ́, sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun.

Bàbá to itan mi, ó fi ọparun tí a là há a, ó sì dì í pinpin. Lẹ́yìn náà ni ó mú àgbébọ̀ adìẹ kan, ó ṣẹ́ itan rẹ̀ níbi tí tèmi ti kán gan-an, ó tò ó, ó sì so ó mọ́ ibùsùn mi. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn: ọjọ́ tí adìẹ bá rìn ni aláìsàn yóò dìde.

Láti ìgbà náà, adìẹ ni gbogbo àlejò ń kí. "Ìyàwó káfíńtà, ṣé o jí ire?" ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa ń bi í. Èmi kò lè yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, adìẹ tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, ó sì rìn. Kí oòrùn tó mú, agboolé ti kún, wọ́n ń kí ìyá mi kú ewu. Bàbá gbé ọ̀pá wọlé.

"Dìde, ọmọ mi."

Mo mọ̀ pé eegun náà kò tíì so; bí mo bá mí kanlẹ̀, mo máa ń gbọ́ ọ tí ó ń ha ara rẹ̀. Bí mo bá dìde, yóò tún yẹ̀, n kò sì ní lè gun àkàbà mọ́. Bí mo bá kọ̀, mo ti pe àgbàlagbà ní òpùrọ́ lójú gbogbo ènìyàn.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, kò tíì tó."

"Kí ni kò tíì tó? Ṣé adìẹ ń parọ́ ni?"

"Ẹ ò rí i, adìẹ lákin ju ọkùnrin lọ!" ni ẹnì kan wí lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo di etí ibùsùn mú, n kò mira. Bàbá kúnlẹ̀, ó ti àtàǹpàkò bọ abẹ́ ọparun, ó tẹ itan mi. Mo ké. Ó rọra fọwọ́ wá eegun náà lọ sókè, ó wá a wá sísàlẹ̀. Kò wò mí lójú.

"Adìẹ yìí yára jù," ni ó wí fún wọn. "Ẹ mú òmíràn wá."

Ìyá mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ igbe adìẹ, tí mo sì gbọ́ ìró eegun rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá. Ó tún itan mi dì, ó le ju ti ìṣáájú lọ, ó ní kí n má mira.