Ìwé Ọkọ̀ Ojú Ìràwọ̀ Tí Èmi àti Tárì Kọ

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, orin kan gba ojú fèrèsé aládùúgbò mi wọlé bá mi ní Àkúrẹ́ níbí, ọwọ́ mi sì dúró sórí abọ́ gààrí. Orin eré àwọn tó ń wa ọkọ̀ láàárín ìràwọ̀ ni. Eré náà ti pẹ́ débi pé àwọn tó dá a sílẹ̀ ti darúgbó, síbẹ̀ kò tíì parí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bí orúkọ bá ti ń gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn eré, ẹ ti yí i kúrò. Orúkọ wọ̀nyẹn gan-an lèmi ń dúró dè.

Ní Abereke, abúlé orí omi tí mo ti dàgbà, tíṣà wa nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n, ará Èkìtì kan tó máa ń di igi afárá mú bí ìkókó ṣe ń di ìyá rẹ̀ mú. Lọ́jọ́ Sátidé, a ó jókòó sórí pákó ilé rẹ̀ wo eré náà, omi ń ṣeré lábẹ́ ìdí wa, jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́, òórùn ẹja yíyan gba gbogbo ibẹ̀. Èmi àti Tárì, ọ̀rẹ́ mi, ọmọbìnrin bíi tèmi, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti òdìkejì odò, rò pé ohun tó bá wu àwọn inú ọkọ̀ náà ni wọ́n ń sọ. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin òpè wọ̀nyí! Àwọn kan ló jókòó kọ ọ́. Bó bá rẹ ọ̀kan, òmíràn a gbà á."

"Bí a ṣe ń gba àjẹ̀ lọ́wọ́ ara wa nínú ọkọ̀, Tíṣà?" Tárì bi í.

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

Ni àwa náà bá di òǹkọ̀wé. Ọkọ̀ tiwa ń ná ọjà edé lójú ìràwọ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì ń rùn bí ẹja gbígbẹ. Òfin kan ṣoṣo la ní: ẹni tó bá ti ọ̀gá ọkọ̀ sínú ewu kò gbọdọ̀ yọ ọ́, ẹnì kejì ni yóò yọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tárì jù ú sẹ́nu ẹja ńlá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fà á jáde.

Nígbà tó kàn mí, mo ti í mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ọkọ̀, lójú òfuurufú, mo ní èémí márùn-ún péré ló kù fún un. Mo pariwo sí Tárì láti orí afárá, "N ó rí i bí wàá ṣe yọ èyí!"

"Gbé e wá ká rí i, akọ̀wé ẹlẹ́ja!"

Ṣùgbọ́n ìyá mi ní kí n kọ́kọ́ yí ẹja orí iná. Mo ní ó di ọ̀la.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìjà orí odò tí àwọn àgbà ti ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ ti dé. Àwọn ará òdìkejì odò ń sun ilé tiwa, àwọn tiwa náà ń sun tiwọn. Mo sáré dé ìparí afárá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ìyá Tárì ti ń tu ọkọ̀ lọ, kò wẹ̀yìn.

"Tárì! Ìwé wa!"

Tárì nawọ́ láti inú ọkọ̀. Omi ti pọ̀ láàárín wa.

Lónìí, òkun ti gba ibi tí ilé tíṣà wà. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ mi a máa yọ mí lẹ́nu: "Màmá, ẹ kúkú ṣílẹ̀kùn fún bàbá yẹn!" Mo ní kì í ṣe èmi ló kàn.

Lánàá, mo dúró de orúkọ tó gbẹ̀yìn. N kò rí Tárì níbẹ̀. Mo ṣí ìwé wa wò: èémí márùn-ún ló kù fún ọ̀gá ọkọ̀. Láti ọjọ́ ìjà yẹn wá, kò tíì mí ọ̀kan.